Físà Olóògbé

Ọjọ́ tí ìròyìn físà dé, ẹni tí wọ́n fún ní físà náà ti wà nínú ilẹ̀ ní Oǹdó.

Wúràọlá Akíntóyè jókòó ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Àkúrẹ́, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọlábọ̀dé ni, ejẹ́ǹtì tó ń bá òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe ìwé ìrìnnà. Ohùn ọkùnrin náà ń fò sókè bí ohùn ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

"Màmá! Ẹ bá mi dúpẹ́! Ó ti jáde o! Àwọn ará Mauritius ti fọwọ́ sí i, ẹ̀yin méjèèjì!"

"Ẹ̀yin méjèèjì wo, Ọlábọ̀dé?"

Ọlábọ̀dé mọ̀ pé ọkọ Wúràọlá ti kú. Ó wà níbi ìsìnkú. Ó jẹ ìrẹsì níbẹ̀, ó sì tún di ti ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí yóò tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣáà máa bọ̀ ní ọ́fíìsì lọ́la. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù."

Obìnrin tí kì í pariwo ni Wúràọlá. Ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ló ti kàwé, irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ náà ló sì ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ pé bí inú bá ń bí ọmọlúàbí, kí ó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò nínú ọkàn kí ó tó jẹ́ kí ó dé ètè. Ó yẹ ọ̀rọ̀ Ọlábọ̀dé wò títí ẹ̀wà fi jiná, kò rí ibi tó ti dára.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ lọ. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Leah, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un nínú àwọn ọmọ tó bí, ń gbé ní Mauritius, erékùṣù kan láàárín òkun, ìlú ọkọ rẹ̀. Leah ti bí ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Àkúrẹ́ ni bàbá àgbà wà tó fi sọ ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n inú fóònù nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Ìyá àgbà a máa fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà lórí gíláàsì fóònù, gíláàsì náà a sì tutù.

Ọkọ rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ físà àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wálé. Alágbàká, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́, ni Ọlọ́runfúnmi Akíntóyè ti ṣiṣẹ́ ìjọba, láti ìgbà tí Èkìtì àti Oǹdó ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan, títí di ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ará Èkìtì kó fáìlì wọn lọ sí Adó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjókòó sú u. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orílẹ̀-èdè wò bí ẹni tó ń ra aṣọ. Ó ní Pọ́túgà ń gba àgbàlagbà tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí eékún òun gbọ́ràn. Ó ní Màléṣíà náà ń gbà wọ́n, ṣùgbọ́n àfi kí èèyàn kọ́kọ́ kó owó ńlá lọ tì sí báǹkì wọn, bí ẹni tó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ó wá tẹ ìka mọ́ Mauritius lórí àwòrán ayé, ibi kékeré tí ìka rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Oòrùn wà níbẹ̀, ìrèké wà níbẹ̀, Leah wà níbẹ̀," ó ní. "Màmá Leah, kí ni mo tún ń wá?"

Owó tó ń wọlé fún ọkọ ni wọ́n gbé físà náà lé. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà kò lè gbé e dúró. Nítorí náà ọkọ ni olórí ìwé, Wúràọlá sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí aya. Wọ́n jọ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pé àwọn kò jalè rí. Wọ́n jọ lọ síwájú dókítà, tó ní kí wọ́n la ẹnu, kí wọ́n wúkọ́, kí wọ́n rìn lọ, kí wọ́n rìn bọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní àgbò iléyá kì í jẹ ìyà tó báyìí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Wúràọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó rí i lára pé wọ́n wo ọkùnrin rere bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bí ẹran. Ṣùgbọ́n nítorí Leah, òun náà la ẹnu.

Lẹ́yìn èyí ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá.

Ọ́fíìsì Ọlábọ̀dé wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Alágbàká. Àwòrán ọkọ̀ òfuurufú ló kún ara ògiri. Ó ń jẹ mítípáì nígbà tí Wúràọlá wọlé, ó sì fi ọwọ́ tí kò nù fa àga fún un.

"Màmá, ẹ jókòó. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Òfin wọn ni pé bí olórí ìwé bá kú, ìwé náà kú. Ìyẹn bí wọ́n bá gbọ́ pé ó kú."

"Gbogbo Àkúrẹ́ ló gbọ́. Àwòrán ìkéde rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ní ìkóríta wa."

"Àkúrẹ́ gbọ́, Màmá. Mauritius ò gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, òróró mítípáì ń dán ní ètè rẹ̀. "Ààyè Bàbá ṣì ṣófo. Ẹni tó bá jọ Bàbá, tó jẹ́ ẹbí, tó lè mú pásípọ́ọ̀tù Bàbá dání kó sì jókòó tì yín nínú ọkọ̀ òfuurufú… Màmá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin nìkan ò lè gba físà yìí, owó yín ò tó o. Tí ààyè Bàbá bá ṣòfò, tiyín náà ṣòfò nìyẹn. Mo ti bá Bùọ̀dá Májẹ́kódùnmí sọ ọ́ ní Oǹdó. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń kọrin."

"O bá wọn sọ̀rọ̀ kí o tó bá mi sọ̀rọ̀."

"Ọkùnrin ilé ni wọ́n, Màmá. Ibẹ̀ ni mo ní kí n ti bẹ̀rẹ̀."

Wúràọlá dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé náà, ó di irin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mú. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ó tutọ́ sí ẹ̀bá gọ́tà. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti di tíṣà, kò tutọ́ sílẹ̀ ní gbangba rí.

Àbúrò tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ ni Májẹ́kódùnmí. Ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Wúràọlá wọ agboolé Akíntóyè ní Oǹdó, Afínjú ló ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń lọ ṣòkòtò ilé-ìwé rẹ̀ nígbà náà títí yóò fi dúró bí páálí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí àìsàn, Afínjú kò rí ọ̀nà wá sí Àkúrẹ́, ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n pín ẹrù òkú, òun ló kọ́kọ́ dé.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dé sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Bọ́sẹ̀, àti iṣu, àti ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì lórí. Ó ti fá irunmú rẹ̀. Wúràọlá rí i lójú kan náà, nítorí ọkọ tirẹ̀ kì í dá irunmú sí.

"Ìyàwó wa!"

"Afínjú, ẹ káàbọ̀." Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Ìwọ nìkan nínú ilé ńlá yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ ò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi. Àwọn baba wa kì í fi opó sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn. Wọ́n máa ń ṣú u lópó ni."

Wúràọlá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó ṣú opó mọ́ nínú ẹbí Akíntóyè láti ìgbà tí baba wọn àgbà ti gba ìrìbọmi. Májẹ́kódùnmí fúnra rẹ̀ ló ń gbé igbá ọrẹ káàkiri ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun.

"Afínjú, ẹ̀yin kẹ̀, tí ẹ ń gbé igbá ọrẹ?"

"Kì í ṣe ti ibùsùn, jọ̀ọ́. Mi ò ní fọwọ́ kàn ọ́. Fetí sílẹ̀." Ó sún àga rẹ̀ síwájú. "Bí mo bá kàn gbé pásípọ́ọ̀tù ẹ̀gbọ́n mi lọ báyìí, irọ́ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ ṣú ọ lópó níwájú ẹbí, mo ti di ọkọ rẹ. Akíntóyè ni wọ́n kọ síbẹ̀, Akíntóyè ni mí. Tí wọ́n bá wá bi ọ́ lọ́hùn-ún pé, 'Ṣé ọkọ rẹ nìyí?' o ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Ṣé o purọ́?"

"Orúkọ ńkọ́?"

"Láyé àtijọ́, ẹni tó bá jogún ilé jogún orúkọ. Ẹ̀ṣẹ̀ dà níbẹ̀?"

Ó fẹ̀yìn ti àga bíi lọ́yà tó ti borí. Wúràọlá wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun tó rí i lára jù nìyẹn. Olè tó mọ̀ pé olè ni òun ṣì sàn díẹ̀; èyí fẹ́ kí Ọlọ́run bá òun di ẹnu àpò mú.

Ni Bọ́sẹ̀ bá kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ ọkọ mi."

"Bọ́sẹ̀, dìde."

"Mi ò ní dìde. Ẹ fẹ́ ẹ. Kò wúlò fún mi ní Oǹdó, ẹ bá mi mú un lọ sókè òkun, bóyá á wúlò níbẹ̀."

"Bọ́sẹ̀!" ọkọ rẹ̀ pariwo.

"Ṣé irọ́ ni? Ṣé kì í ṣe ayò lẹ ń ta láti àárọ̀ títí tí wọ́n á fi dáná alẹ́? Ìyálé mi, tó bá débẹ̀ á rí iṣẹ́ kan ṣe, á máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Ẹ má fún un lóúnjẹ ọ̀sán. Tó bá jẹun ọ̀sán, oorun ló máa sùn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Wúràọlá, ṣùgbọ́n ó rí ojú Bọ́sẹ̀. Ojú náà kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó ń fi ọkọ tọrọ, bí ẹni tó gbé ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ní wá sọ́jà. Ẹ̀rín náà yí padà lọ́fun, ó di nǹkan kíkorò.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó," ó ní, kí wọ́n ṣáà lè lọ.

Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ó bù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, kò lè gbé e mì. Ó dà á fún ajá aládùúgbò, ajá jẹ ẹ́, ó tún lá inú abọ́.

Leah pè ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Májẹ́kódùnmí ti pe Leah ṣáájú. Gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú Wúràọlá.

"Màmá, mo mọ̀ pé kò dára."

"O ṣeun tó o mọ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi ná. Físà ìbẹ̀wò ò ní jẹ́ kí ẹ pẹ́ níbí. Kí ẹ tó mójú Àbẹ̀kẹ́ dáadáa, wọ́n á ní kí ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹ̀yin nìkan, nínú ilé yẹn, tí nǹkan kan bá ṣe yín… Mi ò bá Bàbá láàyè. Ọkọ̀ òfuurufú wà lókè pẹ̀lú mi nínú nígbà tí Bàbá ń lọ. Mi ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀." Ó ń sunkún báyìí. "Orí ìwé lásán ni, Màmá. Bí ẹ bá ti dé, kí Bùọ̀dá wá ọ̀nà tiwọn lọ."

"Leah, tí wọ́n bá ní kí n nawọ́ sí ọkọ mi ńkọ́? Kí n nawọ́ sí Afínjú, kí n ní, bàbá Leah nìyí?"

Wúràọlá ń gbọ́ ohùn ọmọdé kan lẹ́yìn Leah, ó ń kọrin ní èdè tí òun kò gbọ́.

"Ẹ nawọ́, Màmá," ni Leah wí. "Ẹ pa ojú dé, kí ẹ nawọ́."

Inú kò bí i sí Leah. Ọmọ tó pàdánù bàbá, tó ń bẹ̀rù kó má tún pàdánù ìyá, kì í wo ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ìríra tó ti ń rí láti ọjọ́ mélòó kan dé orí ọmọ tó bí, ẹ̀rù sì bà á. Ẹ̀rù tún bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó ń dáná, tó bá ara rẹ̀ lẹ́nu ṣíṣe rẹ̀: ó ti pa ojú dé níwájú sítóòfù, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì ti nà síwájú díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ijó tí kò wù ú. Ó fa ọwọ́ náà padà. Ó lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹbí ní kó wá sí Oǹdó, kò tíì mọ ohun tí òun yóò sọ. Nínú táksí, ó rò ó títí: bí òun bá kọ̀, òun kò ní gbé pẹ̀lú Leah láéláé. Àbẹ̀kẹ́ yóò dàgbà nínú fóònù. Bí òun bá gbà, òun yóò jókòó nílé ọmọ òun pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá ọmọ náà. Ó wo igbó kòkó tó ń sáré kọjá lójú wíńdò títí ọrùn fi ń dùn ún, kò sì rí èsì níbẹ̀.

Àǹtí Agnes ló wà lórí àga ńlá ní pálọ̀ agboolé. Òun ni àkọ́bí wọn, ó ju Ọlọ́runfúnmi lọ dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kú, ẹnu rẹ̀ kò tíì kú. Bọ́sẹ̀ jókòó lórí ẹní. Wúràọlá kí wọn tán, ó jókòó, ni Májẹ́kódùnmí bá ti inú yàrá jáde.

Ó wọ bùbá Ọlọ́runfúnmi. Awò Ọlọ́runfúnmi ló wà lójú rẹ̀. Wúràọlá fúnra rẹ̀ ló fi òwú dúdú dì í lápá nígbà tó kán. Májẹ́kódùnmí tilẹ̀ ti kọ́ bí olóògbé ṣe máa ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè rí ènìyàn lábẹ́ awò.

"Màmá Leah," ó ní, ó fa "Leah" náà gùn jẹ́jẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fà á.

Wúràọlá tẹjú mọ́ òwú dúdú náà lápá awò.

"Ta ló kú tó tún jí yìí?" ni Àǹtí Agnes béèrè. "Májẹ́kódùnmí, ojú rẹ ò tíì fọ́. Kí lo ń fi awò ṣe?"

"Àwòrán pásípọ́ọ̀tù ni, Àǹtí. Ó gbọ́dọ̀ jọra."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ lórí ẹní níwájú Wúràọlá. Ní ayé àwọn ìyá àgbà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú agboolé náà nìyẹn: àwọn ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣú opó á kó fìlà wọn sílẹ̀, opó á mú èyí tó wù ú.

"Fìlà kan ṣoṣo?" ni Àǹtí Agnes wí. "Ìyẹn kì í ṣe yíyàn, mú-un-tipátipá ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé àṣà jáde látinú àjà, ẹ gbé e jáde tán. Opó tí kò bá fẹ́ ẹnikẹ́ni, fìlà ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló máa mú, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀."

Májẹ́kódùnmí rẹ́rìn-ín. "Obìnrin ni Leah, Àǹtí. Leah ò dé fìlà."

Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó rẹ́rìn-ín.

"Kó tó mú un," ni Májẹ́kódùnmí tún wí, ó ń to awò náà sórí imú, "ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọlábọ̀dé ní wọ́n lè bi í léèrè ní ẹnu ibodè. Màmá Leah, ta ni mí?"

Wúràọlá wo fìlà tó wà nílẹ̀.

"Orúkọ náà ò le. Ọlọ́runfúnmi. Sọ ọ́ kí etí wa gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ tí àlùfáà ti so wọ́n pọ̀, Wúràọlá kò pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ rí. Bàbá Leah ló ń pè é, àní lórí ibùsùn àìsàn. Kò pè é nígbà tí wọ́n ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, nígbà tí gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń fi orúkọ náà ké. Wọ́n wá fẹ́ kó pe orúkọ náà báyìí, kó fi lé ẹni tó ń làágùn nínú bùbá olóògbé.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fìlà náà.

"Ẹ̀hẹ́n!" ni Májẹ́kódùnmí pariwo. Bọ́sẹ̀ pa àtẹ́wọ́.

Òórùn ìpara irun tuntun wà lára fìlà náà. Wúràọlá gbé e kọjá níwájú ẹni tó ni ín, ó dé ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀, ó sì gbé e lé e lórí itan.

"Bọ́sẹ̀, gba fìlà ọkọ rẹ. Ọkọ tèmi ti kú."

Àtẹ́wọ́ Bọ́sẹ̀ dúró sójú òfuurufú.

"Afínjú," ni Wúràọlá wí, ohùn rẹ̀ kò sì gòkè, "ẹ bọ́ awò yẹn."

"Ìpín mi ni! Wọ́n pín in fún mi!"

"Bọ́ ọ, Májẹ́kódùnmí," ni Àǹtí Agnes wí.

Ó bọ́ ọ. Awò náà ti fi àpá sí imú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ojú rẹ̀ sì kéré lójijì, ojú ẹni tó ti fá irunmú lásán. Wúràọlá gba awò náà, ó fi sínú àpò, ó sì fi ọwọ́ kan náà yọ fóònù. Ó pe Ọlábọ̀dé, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo pálọ̀ lè gbọ́.

"Màmá! Ṣé wọ́n ti parí ẹ̀?"

"Ọlábọ̀dé, kọ̀wé sí Mauritius lónìí. Sọ fún wọn pé Ọlọ́runfúnmi Akíntóyè, tí wọ́n fún ní físà, ti kú. Sọ pé wọ́n ti sin ín."

"Háà! Màmá, físà yẹn á kú o!"

"Ẹni tó ni ín ti kú."

"Màmá, ẹ ro ti Leah—"

"Tí o ò bá kọ ọ́, èmi á kọ ọ́. Mo mọ ìwé kọ."

Ó pa fóònù. Májẹ́kódùnmí ti dìde, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu itan. "O ti pa mí! Obìnrin Àkúrẹ́! Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà pé kó fẹ́ ọmọ ìlú wa!"

"Ọkọ mi," ni Bọ́sẹ̀ wí láti orí ẹní, ó ń yí fìlà náà po lọ́wọ́, omi wà lójú rẹ̀, "ẹ jókòó. Ẹ ti já sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra."

Wúràọlá kò jókòó mọ́. Ó mọ̀ pé òun ni yóò pe Leah, pé Leah yóò sunkún, pé òun náà yóò sunkún, kò sì sí ohun tí òun lè fi rẹ̀ ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Ẹ̀yìn ilé níbẹ̀ ni wọ́n sin Bàbá Leah sí, lábẹ́ símẹ́ńtì pẹlẹbẹ. Wọ́n ti sá kòkó lé e. Láti orí dé ẹsẹ̀, kòkó ló bo símẹ́ńtì náà, nítorí ó tẹ́jú, oòrùn sì ń pa á dáadáa. Adìyẹ méjì ń rìn láàárín rẹ̀, wọ́n sì ti yàgbẹ́ síbi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Òórùn kíkan kòkó tí kò tíì gbẹ kún gbogbo ibẹ̀.

Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó rí ẹní kan tó fara ti ògiri, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó lé àwọn adìyẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kó kòkó náà sórí ẹní, jẹ́jẹ́, kò jẹ́ kí ìkankan dànù, nítorí kòkó kò ṣẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ Bọ́sẹ̀ sì ni. Ó fa ẹní náà lọ sínú oòrùn.

Àǹtí Agnes ti fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé kí n ní kí àwọn ọmọ wá ṣe é?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹ ṣeun."

Ó fa omi nínú kànga. Ó rí kàn-ìn-kàn-ìn àti ègé ọṣẹ níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ eékún, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi orí. Omi kòkó dúdú ń ṣàn lọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó fi ìka tẹ kàn-ìn-kàn-ìn sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ó fọ̀ ọ́ dé ibi ẹsẹ̀, ó da omi mímọ́ sí i, ó tún da òmíràn sí i. Nígbà tí ó tán, ó fi etí ìró rẹ̀ nu símẹ́ńtì náà gbẹ.